Bàbá Delbert Ostrander, Ẹni Tó Ń Kì Ọta fún Àwọn Ìbọn Tí Ayé Ti Pa Tì (1941–2019)

Ìlú kékeré Denton, ní ìpínlẹ̀ Montana, ni wọ́n bí bàbá wa sí ní oṣù kẹta ọdún 1941. Amos Ostrander, àgbẹ̀ ọlọ́kà àlìkámà, ni bàbá wọn. Signe ni ìyá wọn. Bàbá kàwé dé ibi tí iṣẹ́ oko gbà wọ́n láyè dé.

Ní 1959 wọ́n wọ iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì di ọ̀gá nídìí ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ irin. Ní 1964 wọ́n fẹ́ Lorene Haugen ní ṣọ́ọ̀ṣì Luther. Bàbá ló ń dá iná tí ń mú ṣọ́ọ̀ṣì móoru kí ìjọ tó dé láràárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, títí eegun fi kọ̀.

Ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ ni agbègbè fi mọ̀ wọ́n. Àwọn èèyàn a gbé ìbọn tí bàbá àgbà wọn mú ti ogun àgbáyé ní ilẹ̀ Faransé bọ̀ wá, èyí tí ilé iṣẹ́ kankan kò ṣe ọta rẹ̀ mọ́. Bàbá a wá ìkarahun idẹ ọta mìíràn tó wọ́pọ̀, wọn a gé e kúrú, wọn a gbẹ́ etí ìdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a sì ki ẹ̀tù àti ọta tuntun sí i. Wọn kì í lè sọ pé rárá. Wọn a kàn mí kanlẹ̀.

Ní 1998, Verne, ẹ̀gbọ́n ìyàwó wọn, bu ọta nínú agolo tí bàbá kò kọ nǹkan sí lára. Orúkọ irú ọta tí idẹ náà jẹ́ kí bàbá tó gé e ṣì wà ní ìdí rẹ̀. Verne kà á, ó gbà á gbọ́, ó sì kì í bọ ìbọn tirẹ̀. Ìbọn bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ìka méjì lọ. Kò wọlé wa mọ́. Láti ìgbà náà, kò sí idẹ tó ń kúrò lọ́wọ́ bàbá láìjẹ́ pé wọ́n ha orúkọ ìdí rẹ̀ dànù, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ojú tó ti ń ṣú.

Màmá a ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ó ti rẹ̀ yín."

"Ó ti rẹ̀ mí tipẹ́, Lorene."

Nígbà òtútù tó kọjá, Verne kan ilẹ̀kùn ìsọ̀ tí bàbá ti ń ṣiṣẹ́, ìbọn àtijọ́ tí bàbá tó bí i fi sílẹ̀ wà lábẹ́ abíyá rẹ̀.

Bàbá bi í pé, "Ṣé ìka tó kù lo fẹ́ fi dán an wò?"

"Ẹnu ẹ ò yí padà, àna burúkú yìí. Ṣé wàá ṣe é, àbí kí n máa lọ?"

"Jókòó. Kọfí wà lórí iná."

Iṣẹ́ ọjọ́ kan gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí ọwọ́ bàbá kò yá mọ́. Verne yin gbogbo ọta náà sí òkìtì yẹ̀pẹ̀ lẹ́yìn oko. Ìbọn kò bẹ́. Kò sí ẹni tó tọrọ àforíjì nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni Verne ń wá lẹ́yìn náà. Nígbà tí bàbá dákẹ́ ní oṣù kejì ọdún 2019, ọwọ́ oníka mẹ́ta yẹn ló pa ojú wọn dé.

Màmá Lorene ló gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú àwa ọmọ wọn, Curtis, Joann àti Dale, àwọn ọmọ ọmọ méje, àti Verne.

Bàbá, ó ti rẹ̀ yín tó. A ti ti ìsọ̀ pa, kò sẹ́ni tí yóò tún kan ilẹ̀kùn. Ẹ sùn re.