Ìpara fún Àtẹ́lẹwọ́ Bíríkìlà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àárò wa. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le, pé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fúyẹ́. Àwa náà wà lálàáfíà. Ọmọ ọmọ yín ti hu eyín méjì. Bàtà mi ló fi ń dán wọn wò.

Màmá sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ ti ti ìpara tí mo fi ránṣẹ́ sẹ́yìn àpótí, pé ẹ ní, "Ohun tí símẹ́ǹtì ti bà jẹ́ látọjọ́ yìí, ṣé ike kékeré ló máa tún un ṣe?" Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé pé nígbà tí ẹ wá kí wa, ẹ kó ọwọ́ sẹ́yìn, ẹ ní ẹ ò ní gbé ọmọ, kí àtẹ́lẹwọ́ yín má baà ha á lára. Màmá bi yín pé, "Baba ọmọ mi, ṣé ògiri lẹ fẹ́ rẹ́ ni?"

Èmi ni mo po ìpara náà níléeṣẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Kọ́lájìn ni wọ́n ń pe okùn tó di awọ ènìyàn àti ẹran mú. Awọ ẹja la fi ń ṣe tiwa. Ẹ ti rí omi ọbẹ̀ ẹja tó tutù tó sì dì: òun ló ń dì bẹ́ẹ̀. Odidi rẹ̀ ti tóbi jù láti pò mọ́ ìpara, nítorí náà a máa ń já a sí wẹ́wẹ́. Kò ní sọ àgbà di ọmọdé. Ẹ má gba ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Omi ló ń dì mú sójú awọ, kó má tètè gbẹ kó sì là.

Màmá ní ọwọ́ gbígbẹ lẹ fi ń pa á. Ibẹ̀ ló ti yẹ̀. Ìpara yìí kì í pọn omi wá. Èyí tó bá bá nílẹ̀ ló ń ṣọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé símẹ́ǹtì tuntun tí a kò bá fi àpò tútù bò, oòrùn á là á. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ má nù ún gbẹ, kí ẹ wá fi ìpara sí i: àpò tútù nìyẹn. Ẹ fi òróró díẹ̀ lé e: ọ̀rá tí ẹ ń tẹ́ sórí àpò nìyẹn. Ẹ yẹra fún ojú ibi tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀.

Ọwọ́ yín máa dẹ̀ díẹ̀, kò ní dẹ̀ tán. Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ kó dẹ̀ tán.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó sì jẹun ọmọ kánrin. Àtẹ̀gùn tí ẹ bá gùn kò ní yẹ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀.

Èmi ni àkọ́bí yín,
Apo-ìpara.

Àfikún: Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ẹ máa padà, ẹ sùn lọ lórí àga, ọwọ́ yín ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ọmọ náà rákòrò wá, ó gbá àtàǹpàkò yín mú, ó sì ń fi ha èrìgì rẹ̀ tó ń yún un, ẹ̀rín ń pa á. Mi ò jí yín. Ìgbà tí ẹ lọ ló wá ohun mìíràn tó rí gbágungbàgun bẹ́ẹ̀ títí tó fi bá bàtà mi. Nítorí náà, bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má fi ìpara kan àtàǹpàkò yẹn.