Ẹ̀fọ́ Yìí Ti La Ojú Mi

Marziye ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá ọ gbé ní Tehran níbẹ̀, kó bá Behruz ọkọ rẹ gbé, kó sì bá èyí tó wà nínú rẹ gbé tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ṣé o ń rí oorun sùn? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ tó wú ti fà? Ara tèmi le, mo dúpẹ́, àfi orúnkún tó máa ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́ tí mo bá fẹ́ dìde lórí ìrun. Effat nọ́ọ̀sì ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí ní ilé ìlera, torí ó ní bí mo bá fọwọ́ ara mi kọ ọ́, ìlà kan á máa gun orí èkejì. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tó bá ti ẹnu mi jáde ni kó kọ, kó má fi ọgbọ́n ilé ìwé tirẹ̀ tún un ṣe.

Ilé ò sí bí o ṣe fi í sílẹ̀ mọ́. Omi tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ wá sí abúlé wa ti fà débi pé àgùntàn kan ṣoṣo lè mu ún tán. Àwọn ọmọ olóògbé Rahman tó ń ṣe búrẹ́dì ti kó ẹrù wọn lọ lẹ́yìn ọdún tuntun, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ há mi lọ́wọ́, bí ẹni pé èmi ni n óò máa sùn nínú ilé méjì. Ó wá ku èmi àti Baba Heydar tó di létí. Effat náà kì í gbé ibí, ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú ló máa ń ti ìlú wá, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́ á tún bá bọ́ọ̀sì kékeré Korban padà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ wàyí. O ní dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ, ó kọ mẹ́sàn-án sínú ìwé, o wá ń sunkún létí mi nínú fóònù. Èmi náà mọ̀ pé mẹ́sàn-án ò dáa. Nínú ogún ni wọ́n ti ń gba máàkì nílé ìwé yín, mẹ́wàá lẹni tó yege sì ń gbà, ẹyọ kan péré ló kù ọ́ kù. Ṣé o rántí ọdún tí o gba mẹ́sàn-án nínú ìṣirò, tí mo di ẹyin sínú ìborùn lọ bá olùkọ́ rẹ, tó sì fi ẹyọ kan kún un? Mo ti di àsálà sínú àpò kan fún dókítà yẹn. Fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kó wojú àgbà, kó fi ẹyọ kan kún ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi. Effat ní ẹ̀jẹ̀ kì í gba ẹ̀bùn. Mo ní olùkọ́ ìṣirò yẹn náà sọ bẹ́ẹ̀ kó tó gba ẹyin.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹ̀fọ́ sípínáṣì ló ń fún ènìyàn lẹ́jẹ̀. Ìyá mi sọ ọ́, ìyá ìyá mi sọ ọ́, pé irin ló kún inú ewé rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o má lo hóró oògùn irin tí wọ́n fún ọ, tó ń sọ ìgbẹ́ ènìyàn di dúdú bí èédú. Mo ní n óò fi ẹ̀fọ́ tiwa ránṣẹ́. Effat ní irin wà níbẹ̀ lóòótọ́, pé kò tó bí àwa ṣe rò, àti pé ewé náà di í mú sínú, kì í jẹ́ kí ara rí i gbà tán. N kò gbà á gbọ́. Mo lọ mú òòfà bàbá rẹ, mo fi kan ọbẹ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ra pẹ́kí. Mo fi kan ẹ̀fọ́, kò mira. Mo wá ní irin inú rẹ̀ ń sùn ni, iná ló máa jí i.

O mọ ibi tí ẹ̀fọ́ náà wà, lẹ́yìn ilé, ní ẹnu kòtò tí bàbá rẹ wọ̀ láti lọ kó ẹrẹ̀ kúrò lójú omi abẹ́ ilẹ̀, tí ilẹ̀ wó lé wọn lórí, tí a kò sì rí wọn gbé jáde. Lọ́dún yìí, n kò gbin nǹkan kan síbẹ̀. Omi ò sí. Àfi bí mo ṣe jí tí mo rí ẹ̀fọ́ tó ti bo ilẹ̀, ewé rẹ̀ tóbi tó etí ràkúnmí, ó ń dán. Mo ní Ọlọ́hun kì í gbàgbé opó.

Gbogbo Àlàmísì ni mo fi ń sè é, mo pò ó mọ́ wàrà kíkan àti aáyù bí bàbá rẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀, mo ka Fàtíà sí i, mo ní kí láádá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìwọ náà mọ òfin sàráà òkú, ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, ẹni tó ni òkú kì í fi kan ẹnu. Ta ni n óò wá fún? Mo gbé e lọ fún Baba Heydar, ó ní rárá o, ẹ̀fọ́ yìí ló bí òkúta tó wà nínú kíndìnrín òun. Korban ò wá sí abúlé ní Àlàmísì. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè gbé kalẹ̀ di ọjọ́ kejì ká tún un gbé kaná, gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ̀fọ́ àná tí wọ́n tún gbé kaná ti di májèlé. Effat ní bí a bá tètè gbé e síbi tó tutù, kò séwu. Ó wá pẹ́ kó tó sọ ọ́. Mo ti ṣe Bísímílà, mo ti jókòó, mo ti jẹ ẹ́. N kò lè da ohun tí Ọlọ́hun fi ta mí lọ́rẹ nù.

Marziye, ẹ̀fọ́ náà ṣiṣẹ́. Effat fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi nígbà kan pé ẹ̀fọ́ sípínáṣì dára fún ojú. Ní Àlàmísì kẹta tí mo jẹ ẹ́, mo gbójú sókè, mo sì rí bàbá rẹ kedere láàrin ẹ̀fọ́, lójú oòrùn ọ̀sán. Aṣọ funfun tí àwọn tó ń gbẹ́ ọ̀nà omi máa ń wọ̀ ló wà lọ́rùn wọn, èyí tí wọ́n máa ń sọ pé bí ilẹ̀ bá wó, ẹnì kan ò tún ní wá aṣọ òkú fáwọn mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń gé ẹ̀fọ́. Mo ka èékánná wọn tó ya. Mo ka òwú tí mo fi lẹ èjìká aṣọ náà. Ó ti tó ìgbà wo tí mo ti rí òwú lára aṣọ?

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i. Ìyá àgbà tó gbẹ̀bí rẹ wá. Rahman wá, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀, wọn kì í wọlé, wọ́n á kàn dúró sínú ẹ̀fọ́ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Abúlé wa tó ti dahoro tún ti kún. Mo sọ fún Effat kó bá mi yọ̀. Ó fà mí wá síwájú pátákó tí wọ́n fi ń yẹ ojú wò tó wà lára ògiri yìí, ó ní kí n sọ ibi tí ẹnu àmì tó tóbi jù lọ kọjú sí. Mo ní àmì wo? Mo ní ògiri ni mo rí. Ó tan iná sí mi lójú, ó sì ní, “Ìyá Marziye, awọ funfun ti bo ẹyinjú yín méjèèjì. Ojú yín kò ríran mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ bá yín fọ̀ ọ́ ní Tehran.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ ọlọ́mọ, èmi tí mo ń ka ìyẹ̀fun lápá Rahman? Àmọ́ nígbà tí mo délé mo rántí pé nígbàkígbà tí o bá fi ojú rẹ hàn mí nínú fóònù, èéfín ni mo máa ń rí. Mo ti fi omi kíkan nu fóònù náà, mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò mọ́. Mo rò pé Tehran ló dọ̀tí.

Wàyí o, gbọ́ ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Effat ní òun ò fẹ́ kọ ibí yìí. Mo ní kó kọ ọ́.

Ní Àlàmísì tó kọjá, mo ti sá ẹ̀fọ́ gbẹ kún àpò ńlá kan fún ọ, mo ti fà á lé Korban lọ́wọ́ ní Ọjọ́rú pé kó gbé e dé ibùdókọ̀. Mo jókòó, mo jẹ ẹ̀fọ́ mi. Mo gbójú sókè, mo rí obìnrin kan ní ìpẹ̀kun oko, ó kẹ̀yìn sí mi, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí bí aláboyún. Ìborùn rẹ̀ aláwọ̀ ewé, bí èyí tí o wọ̀ lọ sílé ọkọ. Ọmọ mi, mo rò pé ìwọ ni. Mo pe orúkọ rẹ. Kò dáhùn. Mo tún pè é, ó rọra yíjú sí mi, Zivar ni, ìyàwó Rahman, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ tán lára rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí o wà lọ́mọdé. Ojú rẹ̀ funfun bíi wàrà. Mo ń sunkún, mo ń dúpẹ́, n kò mọ èyí tí mo ń ṣe. Ìgbà náà ni bàbá rẹ gbé orí sókè nínú ẹ̀fọ́, wọ́n sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Òun kọ́. Kò tíì kàn án.”

Ìyàwó wọn ni mí fún ogójì ọdún. Wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. “Kò tíì” yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé Korban ní ìlú, èmi tí orúnkún ń dùn, mo ń fọwọ́ tọ ara ògiri. Ó ní àpò náà ṣì wà nínú bọ́ọ̀sì òun, mo sì gbà á. N kò ní fi ránṣẹ́ mọ́, má bínú. Ti àwọn tó ni ín ni. Lónìí, kí Effat tó dé ni mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìlera, mo ní kó tún gbogbo ọ̀rọ̀ irin yẹn sọ fún mi, n kò ní já a lẹ́nu. Nítorí náà, wá hóró oògùn irin yẹn padà, bí o bá ti dà á nù, ra òmíràn lónìí. Jẹ́ kó sọ ìgbẹ́ rẹ di dúdú, kó dúdú bí ìkòkò. Fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ gbé e mì, má fi tíì gbé e mì, jẹ́ kí tíì jìnnà sí i. Máa jẹ ẹran, máa jẹ ẹ̀wà. Bí ẹ̀fọ́ bá wù ọ́, ra ti ọjà Tehran tí ẹni ààyè gbìn, fún ọsàn sí i, ó dára fún ara, àmọ́ má jẹ́ kó gba ipò oògùn. Kí o sì padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò. Àsálà yẹn, fún dókítà síbẹ̀, kò lè pa á lára.

Owó ni mo tún fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún. Bá mi bẹ Behruz, kó fi tómánì díẹ̀ ránṣẹ́ sí Korban, kó lè máa gbé àwọn darandaran wá ní Àlàmísì, kí wọ́n jẹ sàráà bàbá rẹ bó ṣe yẹ, kí n má fi kan ẹnu mọ́. Tí ó bá ṣẹ́kù, kí ó jẹ́ owó ọkọ̀ mi wá sí Tehran, kí wọ́n fọ ojú náà. Mo fẹ́ rí ọmọ tí o bá bí. Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún bàbá rẹ, torí mo mọ̀ pé bí awọ yẹn bá ti kúrò, n kò ní rí wọn mọ́, ó sì ń dùn mí dọ́kàn. Mo sọ fún wọn lánàá bẹ́ẹ̀ náà, mo dúró lẹ́nu kòtò, n kò rí ẹnì kankan, torí kì í ṣe Àlàmísì. Àmọ́ nígbà tí mo máa padà wọlé, ẹ̀fọ́ tó ti bo ọ̀nà ilé mọ́lẹ̀ ti di gígé, ọ̀nà náà là gbọọrọ.

Bí o bá pè mí, tí mo gbé fóònù súnmọ́ ojú tí n kò fọhùn, má rò pé mò ń bínú. Mò ń wò bóyá èéfín ṣì ni ọ́. Bí mo bá rí èéfín, ara mi á balẹ̀.

Ọlọ́hun á fún ẹ̀jẹ̀ rẹ lágbára. Á sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, a ò ní fi ọ́ wá ọmọ. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí n rí ọ kedere, títí wọn yóò fi fọ ojú mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Nosrat.