Ihò Ara Ògiri Àkùkọ

Pobè. Àtàláátà, 25 oṣù kẹwàá, 1938. Ààwẹ̀ kìíní.

Ọdún kejì rèé tí mo ń gba ààwẹ̀ láìsí Ràúdátù ìyàwó mi. Òun ló máa ń jí mi sí sààrì nígbà ayé rẹ̀. Ní báyìí, Àkùkọ ló ń jí gbogbo wa. Àkùkọ — Ṣàmsídéènì aránṣọ, ládàánì wa. Ògiri kan ló pín ilé èmi àtiẹ̀. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo bá èèyàn kọ lọ́jà lónìí. Nírọ̀lẹ́, Àkùkọ gbé abọ́ ẹ̀kọ àti àkàrà wá, a jọ ṣínu. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń ṣe wàhálà tó báyìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà jẹun."

Jímọ̀, 28.

Àlùfáà Àdìó ṣe wáàsí: ẹ má ṣe tọpinpin ara yín. Ẹni tó bá dé ilé onílé, kó kí sàlámù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí wọn ò bá dáhùn, kó padà, kó má sì bínú. Mo ṣe àmín tagbára-tagbára.

Àmọ́ ihò kan wà lára ògiri ẹ̀yìnkùlé mi. Eku ló lu ú. Láti ìgbà tí Ràúdátù ti kú ni mo ti ń fi ojú sí i. N kò wo nǹkan burúkú. Ṣàkírátù ìyàwó Àkùkọ ń fọ abọ́. Ọmọ ń sunkún, Àkùkọ ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ilé tí èèyàn wà nínú rẹ̀ ni mò ń wò.

Àtìní, 31.

Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ lónìí títí abọ́ fi dé.

Àlàmísì, 3 oṣù kọkànlá.

Ọ̀sán gangan. Àkùkọ wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó gbé omi, ó mu ún tán, ó bu òmíràn. Ládàánì wa! Ẹni tó ń pariwo ká má bàa sùn kọjá sààrì!

Ó tún gbé abọ́ wá nírọ̀lẹ́. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Jímọ̀, 4.

Mo ti sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìrun, àwọn ọkùnrin máa ń jókòó lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí. Wọn kì í bi mí ní nǹkan kan. Mo sọ ọ́ fún Mọ́rúfù aláṣọ nìkan, mo ní kó fi í sínú. Kíá ló pe àwọn méjì sí i. Gbogbo wọn yíjú sí mi, wọ́n ní kí n tún un sọ. Kí n má purọ́ fún ìwé ara mi: ó dùn mọ́ mi.

Ẹyin lohùn. Ó ti bọ́.

Àtàláátà, 8.

Kì í ṣe ohùn Àkùkọ ló pe ìrun àárọ̀ yìí. Ohùn Mọ́rúfù ni.

Àlàrùbá, 9.

Àlùfáà ránṣẹ́ pè mí. Kò ní kí n jókòó. Ó ní kíndìnrín Àkùkọ ló ń dùn ún, dọ́kítà ní Sakété ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ gba ààwẹ̀ mọ́ láéláé, òun Àlùfáà ló sì fún un láyè. Àwọn mẹ́ta péré ló mọ̀ ọ́n. Àkùkọ ò fẹ́ kí wọ́n máa káàánú òun. Dípò ààwẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń bọ́ aláìní kan.

Mo béèrè pé ta ni aláìní náà. Ó bi mí padà:

"Abọ́ ta lo ti ń jẹ láti ọjọ́ kìíní?"

Ìtìjú bá mi délé.

Jímọ̀, 11.

Mo fi amọ̀ dí ihò náà.

Abọ́ ṣì ń wá. Ṣàkírátù ń gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kì í kí mi. Mo ń jẹ ẹ́, torí ààwẹ̀ ọkọ rẹ̀ ni. Èmi nìkan ni mò ń ṣínu.

Àlàmísì, 24. Ọdún ìtúnu ààwẹ̀.

Mo fọ abọ́ náà, mo gbé e lọ sílé Àkùkọ. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì.

Mo kí sàlámù. Kò sí ìdáhùn.

Mo tún kí i. Mo gbọ́ ohùn Àkùkọ, ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó dákẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kẹta. Ẹsẹ̀ rìn wá sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó dúró níbẹ̀. Pákó kan péré ló wà láàárín àwa méjèèjì. Ilẹ̀kùn náà ní àlàfo, mo sì gbé ojú mi kúrò níbẹ̀.

Mo dúró díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà mo gbé abọ́ padà sílé.