Bí Mo Ṣe Fẹ́ Fi "Sheep" Gba Yàrá Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta
Ìyá ọkọ mi — Ọ̀gágun, nínú ìwé yìí nìkan — fẹ́ ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá yege, ó di ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ mi lókè òkun, yàrá ìkàwé mi tí wọ́n ń sùn yóò sì padà di tèmi. Odidi ọ̀mọ̀wé gírámà, orí tábìlì ìlọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́! Mo ti gbà láti kọ́ wọn. Tọkàntọkàn.

(Àní níbí pàápàá, ọwọ́ mi kọ̀ láti pè wọ́n ní "ó".)

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
"Sheep" kan, "sheep" mẹ́wàá. Mo ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ náà kì í yí padà, bí àgùntàn tiwa náà. Iye tó bá a rìn ló ń sọ bó ṣe pọ̀ tó. Ọ̀gágun ní, "Ìyàwó mi, ajá gba 's', ewúrẹ́ gbà á. Ta ni àgùntàn ṣẹ̀?" Mo ní bí Òyìnbó ṣe bá a nìyẹn. Wọ́n ní ìrẹ́jẹ ni.

Ọjọ́bọ̀, 6
"Sheeps." Láti àárọ̀. Orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Ọkọ mi yọjú: "Rọra o, má pa màmá mi." Ọ̀gágun lé e jáde. "A ń kàwé!" Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi àti àwọn máa wà lẹ́yìn ara wa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Aránṣọ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo ní kí wọ́n wo "sheep" bí aṣọ tó bá ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ àti ẹni tó sanra mu, tí a ò ní tú ojú ìrán rẹ̀. "Háà! Kí ló dé tí o ò tètè sọ bẹ́ẹ̀?" "Deer", "fish", "aircraft", "series" — wọ́n kó gbogbo rẹ̀ mì. Ó yẹ kí n fi kún un pé "fishes" máa ń wà nígbà mìíràn. Mo panu mọ́. Yàrá ni mò ń wò.

Ọjọ́ Ajé, 17
Ìdánwò. Àwọn ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Wọ́n yege! Tíkẹ́ẹ̀tì ti dé. Mo ti wọn fèrèsé fún kọ́tìnnì tuntun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22
Ìyá àgbà mẹ́rin ni mo bá nínú yàrá mi, bírò lọ́wọ́ oníkálukú. Ọ̀gágun dúró níwájú wọn pẹ̀lú rúlà. Mo rọra béèrè tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní wọ́n ti sún un síwájú. Ta ló ń fi akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ láàárín táàmù?

"Ìyàwó mi, o sì pẹ́ dé. Jókòó sẹ́yìn."

Mo jókòó.