Fáànù Ń Yí Nígbà Tí CD Kú

Ìbàfò,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, 2009.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bọ̀ọ̀dá Ládi,

Fáànù ń yí. Gílóòbù ń tàn. Fóònù Àǹtí Stella, ọ̀gá mi, wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí a ní. Ṣájà láptọ́ọ̀pù wà nílẹ̀. CD tí mò ń kọ sì kú sí ìdajì. Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyẹn, òun ló jẹ́ kí n pẹ́ kí n tó kí yín. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara yín le? Ṣé àwọn ará Ifọ̀ wà dáadáa? Èmi wà ní àlàáfíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Láptọ́ọ̀pù tí ẹ fi Linux sí nígbà tí fáírọ́ọ̀sì jẹ Windows rẹ̀ tán ni mo fi ń da ìwàásù àti fídíò kọ sórí CD fún àwọn oníbàárà. Ó ti tó oṣù kan tó ti ń ba CD jẹ́. Àǹtí ní NEPA ni. Mo fi òwú nu ojú ibi tó ń ka CD, pàbó. A pààrọ̀ CD, pàbó. Lánàá ni Àǹtí yarí: "Ọmọ́títí, ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n ẹ yìí ti sú mi. Ẹyọ kan tó bá tún bàjẹ́ lọ́la, gbé e, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ máa lọ sí Ifọ̀!"

Fídíò yìgì ọmọ Àáfà Sàlísù ló wá kú láàárọ̀ yìí. Ọmọ náà ń bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kánò lọ́la. Àáfà kàn rẹ́rìn-ín: "Ọmọ́títí, ṣé o ti ń jẹ CD ni? Màá gbé ẹ̀wà wá fún ẹ o, fi tèmi sílẹ̀." Àǹtí ò rẹ́rìn-ín.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi láàyè di ìrọ̀lẹ́. Iná wà, nítorí náà kì í ṣe NEPA. Mo yọ fóònù Àǹtí, mo ki ṣájà bọ iná, mo ní kó ka CD ìwàásù àtijọ́ kan: ó kà á tán. Mo yọ ṣájà: CD náà kú. Mo dán an wò léraléra títí ó fi dá mi lójú pé orí bátìrì nìkan ló ti ń kú.

Mo bá ṣí ibi tí ẹ fi hàn mí pé a ti ń ṣètò iná. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé tó bá ti bọ́ sórí bátìrì, kó máa mú ohun tó bá sinmi sùn. Ọ̀nà tí CD ń gbà bá láptọ́ọ̀pù sọ̀rọ̀ wà lára wọn. Tó bá ti sùn, kì í jí bọ̀rọ̀. Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Lóṣù tó kọjá ni mo ráhùn pé bátìrì ń tètè kú, ẹ ní, "Fi sílẹ̀ fún mi, àbúrò." Ìfẹ́ lẹ fi ṣe é.

Mo yọ CD kúrò lára àwọn tó ń sùn. Mo fi ti Àáfà sí i, mo sì fa ṣájà yọ lójú Àǹtí. "Ṣé orí ẹ pé?" Ojú ẹ̀rọ ni mo ń wò. Ó kọ ọ́ parí. Àǹtí ní kí n tún ṣe òmíràn. Nígbà tíyẹn náà parí, ó rọra mú fóònù rẹ̀, ó ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó bi mí pé ta ló ṣètò yẹn. Mo ní ẹni tí kò fẹ́ kí bátìrì mi tètè kú ni.

Bátìrì á tún máa tètè kú báyìí. Tẹ́ ẹ bá wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi tún un ṣe.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ire yín máa jí nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá pè é. Àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ràn ò ní sùn gbàgbé yín.

Èmi ni àbúrò yín tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀,
Ọmọ́títí.

Mo gbàgbé: Àáfà ti gba CD rẹ̀ kí wọ́n tó kírun Ìṣáì. Ẹ̀wà náà dé lóòótọ́, Àǹtí ló bù ú fún mi. Orí ẹní ni mo ti ń kọ èyí. Agogo mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fẹ̀yìn lélẹ̀.