Igi Tí Mo Rí Lábẹ́ Táyà Ọkọ̀ Òfuurufú

Agbo Ilé Akínwándé,
Fìdítì.
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá, 1964.

Olúdáre ọmọ mi, Àlàó,

Mo kí ọ o. Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé o ń jẹun lásìkò, ṣé omi Èkó kò tíì máa run ọ́ nínú? Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí rẹ sí títí lẹ́tà rẹ fi dé ọwọ́ mi kò ní gbàgbé rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, o kò ní pàdé àgbákò nílẹ̀, o kò sì ní pàdé rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún níbi tí àwọn ọ̀gá rẹ ti ń rán ọkọ̀ lọ. Àmín. Tíṣà Mobọ́lá ti ilé ìwé Onítẹ̀bọmi ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, ó sì kí ọ. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, nítorí ó fẹ́ràn láti máa mú ọ̀rọ̀ mi rọ̀, ọ̀rọ̀ òní kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń mú rọ̀.

Gbogbo wa wà lálàáfíà. Ọsàn so lọ́dún yìí débi pé ẹ̀ka ń ya fúnra rẹ̀. Ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ bí mẹ́ta, ọ̀kan kú, má bá ara rẹ nínú jẹ́, a ti jẹ ẹ́. Olúwafúnkẹ́ àbúrò rẹ ti ń ka ìwé fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kàn jẹ́ pé ó máa ń fo ibi tó bá le ni. Bàbá Ṣàngówálé tí ilé wọn kángun sí tiwa ní kí n bẹ̀ ọ́, pé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yín bá ń gba orí Fìdítì kọjá, kí o jọ̀wọ́ yọjú wo òrùlé àwọn, kí o wo ibi tó ti lu gan-an, kí o sì kọ ọ́ ránṣẹ́, nítorí káfíńtà ti gun òrùlé náà lẹ́ẹ̀mejì kò rí i. Mo ní n ó sọ fún ọ.

Fọ́tò tí o fi sínú lẹ́tà dé, gbogbo àdúgbò ti wò ó tán, etí rẹ̀ ti ń ká. Táì yẹn yẹ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí o dúró tì yà mí lẹ́nu. Mo ti ń rò ó pé ọkọ̀ tí àwọn olówó ń háyà láti fi fò yóò tóbi tó ṣọ́ọ̀ṣì wa, àṣé kò ju lọ́rì Yúnúsà tí mo máa ń háyà lọ, wọn kò sì kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i lára bí kò ṣe lẹ́tà àti nọ́ńbà bí ìgbà tí wọ́n ń sàmì sí àpò kòkó. Wọn kò kọ "Adúpẹ́", wọn kò kọ "Ìwà Lẹ̀sìn", báwo ni èrò yóò ṣe mọ irú ẹni tó ni ín? Èyí tó wá bà mí lẹ́rù jù ni igi tí mo rí tí wọ́n fi dí táyà rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Tíṣà ní òun kò rí igi kankan, mo ní kó gbé fọ́tò sínú oòrùn kó wò ó dáadáa, èmi tí mo ti ń háyà lọ́rì láti ìgbà tí o ń kọ́ ìrìn, ṣé n kò ní mọ igi abẹ́ táyà? Dáre, ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ bá dára kì í lo igi. Ọkọ̀ tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ń bẹ́ sílẹ̀ kó tó dúró, tó ń sáré ti igi bọ abẹ́ táyà, bíréèkì rẹ̀ ti lọ nìyẹn, ìbáà jẹ́ ti òyìnbó.

Nítorí náà ẹ̀rù ti ń bà mí kí Tíṣà tó ka lẹ́tà náà dé ibi ọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kó tún ibẹ̀ kà. O ní ẹni ńlá kan wà tó ń gba iṣẹ́ títì ṣe lọ́wọ́ ìjọba, tó ń fò lọ sí Kàdúná lónìí tó ń fò lọ sí Ẹnúgu lọ́la, òun ló sì ń háyà ọkọ̀ yín jù. O ní mẹ́káníìkì yín sọ pé ohun kan nínú ẹ́ńjìnnì ti gbó, tuntun rẹ̀ ṣì wà lójú òkun láti ìlú òyìnbó, pé ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ gbéra títí yóò fi dé. Ọ̀gá rẹ wá ní ẹni ńlá yìí fẹ́ lọ sí Kàdúná ní ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni, bí a bá ní kó dúró yóò gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ìwọ ni ìwé tí wọ́n ń buwọ́ lù kí ọkọ̀ tó gbéra wà lọ́wọ́ rẹ, ọ̀gá sì ní kí o buwọ́ lù ú pé a ti yẹ ọkọ̀ wò, kò sí ohun tó ṣe é, bí o kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ kí o kó ẹrù rẹ. O wá ní kí n máa gbàdúrà sí i. Mo ti gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò fẹ́ àdúrà tó bí ó ṣe fẹ́ kí ènìyàn sọ pé rárá. Má buwọ́ lù ú. Tíṣà ní ṣé kí òun fi "jọ̀wọ́" síwájú rẹ̀, mo ní kò sí jọ̀wọ́ níbẹ̀.

Mo rí fọ́ọ̀mù tí o fi sínú rẹ̀ pẹ̀lú. O ní ọ̀gá rẹ ló tẹ̀ ẹ́ fún àwọn tó ń háyà ọkọ̀ òfuurufú déédéé, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó yan ẹni tí wọn yóò háyà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti ń sọ kiri pé òun mọ ìdáhùn, pé ìyára ni, àti àga tó rọ̀, àti ọtí tútù. Ẹ̀rín pa mí. Ọ̀gá rẹ kì í háyà ọkọ̀, òun ló ń fi ọkọ̀ háyà, ohun tí ẹni tó ni ọkọ̀ ń rí kọ́ ni ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ ń rí. Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó ti háyà ọkọ̀ títí tó fi mọ̀ ọ́n, Àyìnkẹ́ ọlọ́sàn ni kí wọ́n bi. Tíṣà ní ti òfuurufú ni wọ́n ń béèrè. Mo ní háyà ni háyà, ìbáà gba ilẹ̀, ìbáà gba òkè. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì kọ ọ̀rọ̀ kún un.

Wọ́n bèèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ni mò ń háyà lọ́dún, mo ní kó kọ ọ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ní gbogbo ìgbà ọsàn. Wọ́n bèèrè ìjókòó tí mo fẹ́, mo ní ẹ̀gbẹ́ dẹ́rẹ́bà, kí n lè máa wo ojú rẹ̀ bóyá oorun ń kùn ún. Wọ́n bèèrè ohun tí n ó fẹ́ jẹ tí n ó fẹ́ mu lójú ọ̀nà, mo ní ẹ̀kọ àti àkàrà mi wà nínú igbá, ẹnu dẹ́rẹ́bà ni kí wọ́n bá mi ṣọ́, kí ó má kan ọtí. Wọ́n ní ṣé mo lè gbà kí èrò mìíràn bá mi wọ̀ ọ́, mo ní nígbà tí mo ti háyà odindi ọkọ̀, bí ó bá tún dúró lójú sánmà láti gbé èrò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, n ó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ni. Wọ́n bèèrè ẹrù mi, mo ní ogójì apẹ̀rẹ̀ ọsàn. Ibẹ̀ ni Tíṣà ti gbé gègé sílẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín tó ń nu ojú.

Èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n ti bèèrè ohun tó ṣe pàtàkì sí mi jù. Wọ́n ya àpótí kékeré mẹ́ta síbẹ̀ kí n fàmì sí ọ̀kan: ìyára, ìtura, owó pọ́ọ́kú. Kò sí èyí tí mò ń wá nínú wọn, mo ní kí Tíṣà yí i sẹ́yìn kó kọ ọ́ síbẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un kó kọ, n kò sọ fún ọ rí, nítorí ojú ń tì mí. Lónìí, jẹ́ kí ó máa tì mí.

O mọ bí bàbá rẹ ṣe kú. O kò mọ bí wọ́n ṣe dé inú lọ́rì yẹn. Ní ọdún òmìnira, Yúnúsà ará Ìlọrà la háyà. A ti di ẹrù tán láàárọ̀, òun náà ti fẹ́ ṣáná sí ọkọ̀, ló bá tún wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó jáde, ó nu ọwọ́, ó ní omi bíréèkì ń jò, a kò lọ lónìí. Háà, a bú u! Gbogbo àwa ọlọ́sàn la bú u, èmi ni ohùn mi lọ sókè jù. Mo ní ọ̀lẹ ni, mo ní ọsàn mi ò ní rà nítorí ojo, mo ní ọkọ̀ pọ̀ níta. Èmi náà ni mo rán bàbá rẹ lọ sí Jọbẹlẹ́ láti wá òmíràn, wọ́n sì rí ọ̀kan tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ ń súfèé, tó ní kí oòrùn tó kan àtàrí a ó ti dé Ìbàdàn. Mo yọ̀. Mo fún un ní ẹ̀kọ mi jẹ. Àyè ẹnì kan ló kù níwájú, Fúnkẹ́ ṣì kéré, n kò lè fi í sílẹ̀ nílé, bàbá rẹ ní àwọn á bá ẹrù lọ kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ìsọ̀kalẹ̀ tó wà kí a tó dé Mọ́níyà ni. Wọ́n ní ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ bẹ́ sílẹ̀, ó ti igi bọ abẹ́ táyà, igi sì dá sí méjì. Wọ́n ní ọsàn mi kún ojú títì bí ìgbà tí wọ́n pàtẹ rẹ̀. Èmi ni mo yan lọ́rì yẹn, Dáre. Dẹ́rẹ́bà tó fẹ́ràn ẹ̀mí wa ni mo lé, èyí tó sọ ohun tí etí mi fẹ́ gbọ́ ni mo mú. Nígbà tí a ń sìnkú, Yúnúsà wá, ó dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn, kò sọ pé ṣé òun kò wí. Láti ìgbà náà n kò háyà ti ẹlòmíràn mọ́. Bí ó bá ní a kò lọ lónìí, ẹní mi ni mo máa ń tẹ́ sí ìdí ẹrù, n ó sùn, bí ọsàn bá rà kó rà.

Nítorí náà ohun tí mo ní kí Tíṣà kọ sẹ́yìn fọ́ọ̀mù náà nìyí: ẹni tí mò ń wá kí n tó háyà ọkọ̀ ni ẹni tó lè wò mí lójú, tí owó mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sọ pé Ìyá Dáre, a kò lọ lónìí. Bí ẹni ńlá yín bá ti ń fò tó bí o ṣe wí, ohun tí òun náà ń wá nìyẹn, kò kàn tíì mọ̀ ni. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó mọ̀ ọ́n lọ́nà tí mo gbà mọ̀ ọ́n.

Mo tẹ ìka mi sí i. Mo ní kí Tíṣà fi kún un nísàlẹ̀ pé mo ti rí igi abẹ́ táyà nínú fọ́tò, kí ọ̀gá má rò pé a kò mọ̀, kó tún bíréèkì náà ṣe pẹ̀lú. Tíṣà wá bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ mí kí n má fi ránṣẹ́, ó ní wọ́n á lé ọ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí mi. Mo wọ bàtà mi, mo gba pósítọ́fíìsì lọ, mo ra sítáǹbù, mo fi í ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ tààrà. Lẹ́tà yìí àti tirẹ̀ jọ ń bọ̀ nínú àpò kan ni. Bí ó bá bínú, sọ fún un pé ìyá rẹ ni, kó wá bá mi ní Fìdítì, kó béèrè ilé Àyìnkẹ́ ọlọ́sàn, ọmọdé á mú un wá. Bí ó bá ní kí o kó ẹrù rẹ, kó o, kí o máa bọ̀ nílé. Ilẹ̀ bàbá rẹ kò tíì ní kí o má wá. Kì í ṣe orúkọ tìrẹ nìkan ni o fẹ́ kọ síbẹ̀, Akínwándé ni o fẹ́ kọ, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ti pa ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan.

Mo mọ̀ pé gbogbo lẹ́tà mi ló máa ń béèrè owó. Ti oṣù yìí, má fi owó kẹrosíìnì ránṣẹ́, má fi owó aṣọ ọdún ránṣẹ́, a ó fi ọwọ́ wa gbọ́ ti ara wa. Owó kan ṣoṣo ni mo fẹ́, ìyẹn náà bí ó bá jẹ́ pé o ti buwọ́ lùwé kí lẹ́tà yìí tó dé ni. Bí o bá ti buwọ́ lù ú, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi kíákíá, láti Fìdítì dé Èkó, àlọ nìkan, kí o sì kọ orúkọ mi sí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ dẹ́rẹ́bà nínú ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ sí Kàdúná. Bí ó bá dára tó bí o ṣe kọ ọ́ sínú ìwé, ó dára tó fún ìyá rẹ.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní àyà láti sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ kò ní wọ́n ọ, ọ̀gá tó sàn ju èyí yóò wá ọ rí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ tí bàbá rẹ dì mú láti kọ́ ọ ní ìwé kíkọ, kò ní kọ ohun tí ojú rẹ yóò sunkún lé lórí. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àyìnkẹ́.

Ìka mi nìyí. Mo ń retí lẹ́tà rẹ, tàbí owó ọkọ̀ náà.