Gíláàsì Orí Fọ́tò Ìgbéyàwó Anselmo Trespalacios

Ọwọ́ mi ló ba fọ́tò iwájú ìwé ìsìnkú yìí jẹ́. Òrùka aláwọ̀ òṣùmàrè tí ẹ rí yí imú olóògbé ká kì í ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run. Èmi Otilia, opó wọn, ni mo fi gíláàsì tábìlì ìdáná tẹ fíìmù náà mọ́lẹ̀ lórí síkánà, gíláàsì tó bá sì ń dán máa ń bí irú òrùka bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó ṣe é. Ṣùgbọ́n gíláàsì tó yẹ ní nǹkan lábẹ́, n kò sì fẹ́ gbé e. Ẹ kọ́kọ́ bá mi rẹ́rìn-ín ná, ẹkún ń bọ̀.

Ọdún 1941 ni a bí Anselmo Trespalacios ní Mompós, létí odò Magdalena. Crisanto, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ni bàbá wọn. Petrona, tó ń yan búrẹ́dì gbágùúdá, ni ìyá wọn. Olóògbé fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ fọ́tò ní Barranquilla, wọ́n sì padà wálé. Lọ́dún 1966 wọ́n gbé mi níyàwó. Wọ́n ní ohùn mi ló wù wọ́n. Kì í ṣe ọ̀gangan ọ̀fun mi ni mo rí i tí wọ́n ń wò.

Kò sí ìgbéyàwó tàbí ìsàmì ní Mompós yìí tí wọn kò yà. Ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, èjìká wọn wà lára èyí tó ń gbé ère Olúwa wa jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì Santa Bárbara, títí eegun fi ní ó tó.

Lọ́dún tó kọjá, Nubia ọmọ wa gbé síkánà wálé kí bàbá rẹ̀ lè tọ́jú àwọn fíìmù àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ooru ti ká fíìmù wọ̀nyí bí awọ ẹlẹ́dẹ̀ tó wọ epo gbígbóná. Fíìmù tí kò bá sì tẹ́, ojú ènìyàn a di bàìbàì. Olóògbé kó wọn sábẹ́ àpò ìrẹsì. Wọ́n kó wọn sábẹ́ mátíràsì mi, wọ́n ní ìdí mi wúwo ju ìrẹsì lọ. Ó sì tẹ́ wọn lóòótọ́.

Àfi ẹyọ kan. Lọ́jọ́ kan mo wọ pálọ̀, mo bá fọ́tò ìgbéyàwó wa láìní gíláàsì lójú.

"Bàbá Nubia, ta lẹ tìtorí ẹ̀ bọ́ wa sí ìhòòhò?"

"Gíláàsì yẹn nìkan ni kò dán nínú ilé yìí, Otilia. Kì í bí òrùka."

"Fíìmù ta ló wà lábẹ́ ẹ̀?"

"Ti Wilfrido."

Wilfrido ni ọmọ Hortensia tó ń ta wàrà. Odò gbé e lọ ní kékeré. Olóògbé ní fíìmù rẹ̀ ló ká jù, torí orí ààrò ni ìyá rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ sí. Mo ní mo ti gbọ́. Gbọ́ ni mo gbọ́, n kò gbà. Etí ọmọ yẹn fẹ̀, ó nà síta. Ẹ padà síwájú ìwé yìí, ẹ wo etí olóògbé.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n sùn tí wọn kò jí. Síkánà kò tíì ya fíìmù náà; abẹ́ gíláàsì yẹn ló ṣì wà, lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ síkánà.

Wọ́n fi aya kan sílẹ̀, àti ọmọ mẹ́ta tí ẹbí mọ̀: Nubia, Rosendo àti Yadira, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́jọ. Ẹ sùn re, Bàbá Nubia. Kí ilẹ̀ tẹ́ yín lẹ́yìn pẹ̀lẹ́.

Ibí ló yẹ kí ìwé yìí parí sí. Ṣùgbọ́n lánàá, Hortensia gbé wàrà wá kí wa. Kò jókòó. Ẹ̀gbẹ́ síkánà ló dúró sí.

"Ìyá Nubia, òjò ti ṣú. Bí ọ̀rinrin bá wọ abẹ́ gíláàsì yẹn, fíìmù á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tó bá gbé e á bó ojú ọmọ mi lọ. Mi ò ní ojú ẹ̀ míì."

"Ojú nìkan lo fẹ́ gbà, Hortensia, àbí ó ní ohun tí o kò fẹ́ kí n rí?"

"Ẹ fọwọ́ ara yín gbé e. Bẹ́ ẹ bá rí ohun tẹ́ ẹ ń wá, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ tàwọn ọmọ Bàbá Nubia. Bó bá jẹ́ ọmọ mi nìkan lẹ rí, ẹ gbé e fún mi."